A Rí Ojú Wa, A Kò Gbọ́ Ohùn Wa

Ní ìpàdé tí a fi ń múra de Ọ̀sẹ̀ Àṣà tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí kò tíì tán nínú mi. Ọ̀kan nínú wa dábàá pé dípò kí a máa fi ijó àti ìdíje iyán jíjẹ parí ọ̀sẹ̀ náà lọ́dọọdún, kí a ya alẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti wo àwọn sinimá àtijọ́ tí àwọn òyìnbó Yúróòpù ṣe nípa àwa ènìyàn dúdú. Ariwo ta. Àwọn kan ní ìtìjú gbáà ni, pé ta ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń bú bàbá rẹ̀. Àwọn kan ní kò burú tó bẹ́ẹ̀, pé nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé wa sí ojú sinimá, àwọn wọ̀nyí ṣáà fi ènìyàn dúdú kún inú tiwọn bámúbámú. Nígbà tí a dìbò, àwọn tó ní kí a má wò ó ló borí. Èmi kò lanu lọ́jọ́ náà. Mo wá fẹ́ sọ ọ́ báyìí pé lójú tèmi, ìhà méjèèjì ló ṣì í, àti pé ó yẹ kí a tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò kí Ọ̀sẹ̀ Àṣà tó ń bọ̀ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú sinimá tó fa ìjà náà, nítorí kì í ṣe gbogbo sinimá òyìnbó ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí mo ń pè ní sinimá ìpawó. Owó kékeré ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n, kíákíá ni wọ́n sì ń ṣe wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń tà níbẹ̀ kì í ṣe ìtàn bí kò ṣe ẹ̀rù, ẹ̀jẹ̀, ìhòòhò àti ohun ìyàlẹ́nu tí ará ìlú wọn kò lè rí ní àdúgbò rẹ̀. Láti nǹkan bí 1960 títí wọ inú àwọn ọdún 1980, ilẹ̀ Ítálì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ọjà yìí ti gbóná jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì, Faransé àti Sípéènì náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rù olówó pọ́ọ́kú, igbó ni í wá a lọ. Bí ó bá sì ti dé igbó, àwa tàbí àwọn tó jọ wá ni yóò kó sínú rẹ̀.

Ní 1975, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bitto Albertini ṣe ọ̀kan tí ó pè ní Emanuelle nera, ìyẹn ni pé Emanuelle Dúdú. Ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Sinimá tí kò ṣeé wò níwájú àgbà ni, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fi ṣe Dúdú náà? Laura Gemser ni, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà. N kò bá obìnrin náà jà, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé nígbà tí àwọn oníṣòwò fẹ́ lo orúkọ wa lára pátákó ìpolówó, wọn kò rí i pé ó pọn dandan kí ẹnikẹ́ni nínú wa jẹ́ orúkọ náà. Àwọn ará Kẹ́ńyà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, bí igi àti òkè. Orúkọ yẹn sì tà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe òmíràn tẹ̀ lé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń sọ pé ènìyàn dúdú kún ibẹ̀ bámúbámú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó ń sọ pé òtítọ́ ni àwọn ń yà. Gualtiero Jacopetti àti Franco Prosperi ti di olókìkí láti ìgbà tí wọ́n ti bá ẹnì kẹta ṣe Mondo cane ní 1962. Ní 1966 wọ́n gbé Africa addio jáde, ìyẹn ni pé Ó Dìgbà, Áfíríkà. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta láti ya á, ní àkókò gan-an tí àwọn orílẹ̀-èdè wa ń gba òmìnira lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni wọ́n rí? Ìpakúpa, ẹran tí wọ́n ń pa nípakúpa, ilé òyìnbó tó di àlàpà. Wọ́n ya òkú àwọn tí wọ́n pa ní Zanzibar ní 1964 láti inú ọkọ̀ òfuurufú, àwòrán náà sì wà títí di òní. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Jacopetti ní Ítálì pé ó ní ọwọ́ nínú bí wọ́n ṣe pa ènìyàn níwájú kámẹ́rà rẹ̀ ní Kóńgò. Ilé ẹjọ́ dá a láre. Ó dáa, ilé ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn tó ń sọ ìtàn sinimá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn òyìnbó kan ṣoṣo ni. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ń kọjá lójú wa, ẹni kan ṣoṣo ni ẹnu ń bẹ lára rẹ̀. Nígbà tí sinimá náà sì dé Amẹ́ríkà, wọ́n gé e kù, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí kò fi ohunkóhun pamọ́: Africa Blood and Guts.

Àwọn méjì yìí kan náà ló ṣe Addio zio Tom ní 1971, èyí ló sì dùn mí jù lọ. Òwò ẹrú ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fẹ́ fi hàn. Wọ́n ní àwọn kórìíra òwò náà, àti pé kí ayé lè rí ìwà ìkà rẹ̀ ni àwọn ṣe ṣe é. Nínú ìtàn náà, àwọn ayàwòrán yìí fi hẹlikópítà balẹ̀ sí àárín oko ẹrú láyé àtijọ́, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, olówó ẹrú ni wọ́n ń bi. Òun ló ń ṣàlàyé. Ẹrú ń sunkún, ẹrú ń sá, ẹrú wà ní ìhòòhò nínú àgọ́. Níbo ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀? Ní Haiti, lábẹ́ ìjọba François Duvalier, tó gbà wọ́n lálejò, tí wọ́n sì rí iye ènìyàn tí wọ́n bá fẹ́ kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Haiti ni ilẹ̀ tí àwọn ẹrú fúnra wọn ti dìde ní 1791, tí wọ́n bá àwọn ọmọ ogun Faransé jà, tí wọ́n sì gba òmìnira ní 1804. Ìdílé òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nago, orúkọ tí àwọn ará Dàhọ̀mì fi ń pe àwa Yorùbá. Ogou ni wọ́n ń pe Ògún níbẹ̀, wọ́n sì ń bọ ọ́ títí di òní. Àwọn ọmọ ọmọ ẹni tó já ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n kó jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò, tí wọ́n tún fi ẹ̀wọ̀n sí lọ́rùn, kí àwọn ará Róòmù lè rí ohun tí ojú wọn kò rí rí. Ẹ wo sinimá náà títí dé ìparí, ẹ kò ní rí orúkọ wọn. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé nítorí pé wọ́n pọ̀ níbẹ̀, a ti gbé wọn sójú ayé.

Ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa. Ní 1935 ni Zoltan Korda àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alexander gbé Sanders of the River jáde ní Lọ́ńdọ́nù. Sinimá ńlá olówó gọbọi ni, kì í ṣe pọ́ọ́kú rárá, ṣùgbọ́n òun àti irú rẹ̀ ni àwọn pọ́ọ́kú jogún ọgbọ́n wọn lọ́wọ́ wọn. Nàìjíríà ni wọ́n ní ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Abúlé náà, Shepperton nítòsí Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n kọ́ ọ sí. Orin tí àwọn atukọ̀ ń kọ, Mischa Spoliansky ló ṣe é, òyìnbó tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ajẹ́lẹ̀ kan tí ń jẹ́ Sanders ń ṣe àkóso wa bí ẹni ń da ewúrẹ́. Bí ó bá kúrò nílùú, ọjọ́ náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wa. Paul Robeson, akọrin dúdú ará Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, ló ṣe Bosambo níbẹ̀. Nígbà tí ó rí bí wọ́n ṣe tò ó pọ̀, ó sọ ní gbangba pé òun kò fọwọ́ sí i. Jomo Kenyatta, tó padà di ààrẹ Kẹ́ńyà, wà lára àwọn èrò tí wọ́n gbà láti kún abúlé.

Ọmọ Èkó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orlando Martins ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní Èkó ní 1899, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi dé Lọ́ńdọ́nù. Kó tó rí iṣẹ́ sinimá, ó ti ja ìjàkadì fún owó, ó ti ṣọ́ ilé ní òru. Mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ìgbésí ayé rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí èmi ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ní 1946 ó ṣe Magole nínú Men of Two Worlds. Oníṣègùn ni Magole. Ìjọba òyìnbó ní kí abúlé rẹ̀ kó kúrò nílẹ̀ bàbá wọn nítorí àìsàn tí eṣinṣin ń fà, Magole sì ní àwọn kò lọ. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá wa lónìí pé kí a kó kúrò nílẹ̀ bàbá wa, ta ni nínú wa tí kò ní ṣe Magole? Nínú sinimá náà, òun ni ọ̀tá. Ẹni rere ni Kisenga, ọmọ abúlé tó ti gbé ìlú òyìnbó fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wá bá ajẹ́lẹ̀ bẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n lọ. Òótọ́ ni pé àìsàn náà ń pani, n kò ní kí a máa kọ egbòogi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnu tí wọ́n fún wa láti fi kọ̀, ẹnu ẹni burúkú ni.

Ní 1949 ó tún ṣe The Hasty Heart pẹ̀lú Ronald Reagan, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981. Ọmọ ogun ará Basuto ni wọ́n fi Martins ṣe, Blossom ni wọ́n ń pè é, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin tó ti gbé Lọ́ńdọ́nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe eré lórí ìtàgé, òun ni wọ́n sọ di odi láàárín àwọn òyìnbó. Àwọn tó wò ó sọ pé ojú rẹ̀ nìkan tó láti pa wọ́n lẹ́kún. Mo gbà. Mo ti wò ó, omi bọ́ lójú èmi náà. Síbẹ̀ inú bí mi bí mo ṣe ń nu omi ojú.

Ẹnìkan lè bi mí pé ta ló fi ipá mú un, ṣé kò gbowó ni? Ó gbowó. N kò rí ẹ̀bi kankan lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa ní Lọ́ńdọ́nù ní àkókò yẹn, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ipa tó wà nílẹ̀ náà ni yóò gbà. Nígbà tí ó padà sílé, ó kópa nínú Kongi's Harvest ní 1970, sinimá tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe olórí eré níbẹ̀, tí ọmọ Nàìjíríà, Francis Ọládélé, gbówó rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ní 1985 ló kú sí Èkó, mélòó nínú wa ló sì mọ̀ ọ́n?

Mo fi Sanders han ìyá ìyá mi ní Òmù-Èkìtì nígbà ìsinmi. Ìyá àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, mọ́tò sinimá ìjọba a máa wá sí Òmù, wọn a ta aṣọ funfun, wọn a fi bí a ṣe ń tọ́jú omi mímu hàn wọ́n. Mo ti kà á nínú ìwé pé William Sellers, òyìnbó elétò ìlera ní Nàìjíríà tó padà di olórí iléeṣẹ́ sinimá tí ìjọba òyìnbó dá sílẹ̀ fún àwọn ìlú àmúsìn ní 1939, gbà pé àwa kò lè tètè mọ ohun tí à ń wò, pé kí wọ́n máa ṣe é ní díẹ̀díẹ̀ fún wa. Ìtàn kan wà tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti máa sọ nígbà náà: pé wọ́n fi sinimá ìmọ́tótó han àwọn ará abúlé kan, wọ́n bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọ́n ní adìẹ. Àwọn tó ṣe é kò tilẹ̀ mọ̀ pé adìẹ sáré kọjá níbẹ̀. Èyí ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rí pé a kò lóye.

Nítorí náà mo jókòó ti ìyá àgbà, mo gbé fóònù sí wọn lójú, mo ń wò wọ́n ju bí mo ṣe ń wo sinimá lọ. Wọ́n wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ọkọ mi, láti ìgbà tí àwọn yìí ti ń jó, wọn ò tíì jẹun o.”

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ta ni ìyá ọmọ yẹn?”

Mo ní, “Màmá, mi ò mọ̀.”

“Àwọn tó ń tukọ̀ yẹn ńkọ́, kí ni orúkọ wọn?”

“Màmá, wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.”

Wọ́n ní, “Ìlú wo ni wọ́n wà tí ẹnikẹ́ni kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ?” Wọ́n sì dá fóònù padà fún mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ adìẹ yẹn ní ọ̀nà mìíràn. Lábúlé, adìẹ tó bá kọjá ní ojúde, ó ní olówó. Ẹni tó rí adìẹ ló rí ohun kan ṣoṣo tí ó ṣe bí ohun tó wà láyé gidi nínú gbogbo àwòrán náà. Bí a bá fẹ́ mọ bóyá sinimá kan gbé wa jáde lóòótọ́, kí a má ka orí, kí a bi í ní ìbéèrè ìyá àgbà: ta ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, ta ló ń pe orúkọ náà, ta ló lè kọ̀, ta ló ń jẹun.

Bí a bá sì ti gbé ìbéèrè yẹn lọ́wọ́, ẹ má bínú, a kò lè fi mọ sí ẹnu ọ̀nà òyìnbó. Láti ìgbà tí Ọlá Balógun ti ṣe Àjàní Ògún ní 1976, àti ti Ògúńdé tó tẹ̀ lé e, a ti ń fi ẹnu ara wa sọ ìtàn ara wa nínú sinimá, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn fíìmù àgbéléwò tí à ń rà. Ẹ wo babaláwo tí wọ́n fi aṣọ pupa wọ̀, tí agbárí ènìyàn yí ká, tí kò ka ẹsẹ Ifá kan ṣoṣo. Jacopetti kò ní ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ní ó wá láti Kùtọnu, tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìtàn kò ju kí ó fọ́ Yorùbá yángayànga kí a lè rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Benin níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọmọ ìyá wa. Ẹ wo àwa Èkìtì pàápàá. Ẹni tó bá ti pe ilé ní ulé nínú fíìmù, ẹ ti mọ̀ pé ará oko ni yóò jẹ́, yóò sì ṣubú kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti rí ọmọ Òmù tó jókòó pẹ̀lú wa tó ń rín ẹ̀rín èdè ìyá rẹ̀. Èmi náà rín in, ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbí.

Ìdí nìyí tí mo fi lòdì sí àwọn tó borí nínú ìbò wa. Bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn sinimá òyìnbó yìí nítorí ìtìjú, a kò ní mọ àrùn náà bí ó bá wọ aṣọ àdìrẹ wá bá wa. Mo sì lòdì sí àwọn tó fẹ́ kí a kàn wò ó kí a dúpẹ́ pé a wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ fún ni èyí: kí a fi Sanders hàn lódindi, kí a fi apá tó ṣeé wò nínú Africa addio tẹ̀ lé e, kí a sì fi fíìmù Yorùbá kan tí àwa fúnra wa yàn parí rẹ̀, kì í ṣe èyí tó dára jù. Kí a ká Emanuelle kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí àwọn òbí má baà lé wa jáde. Kí a fún olúkúlùkù ní bébà kan àti bírò, kí ó kọ orúkọ ẹni dúdú tí wọ́n bá pè lórúkọ sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni náà bá sọ. Kí a ka bébà náà sókè lẹ́yìn sinimá kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ kan nínú yín sọ ìtàn Orlando Martins fún wa.

Mo ti sọ èrò yìí fún ìyá àgbà. Wọ́n ní bí a bá máa ṣe é, kí a wá fi mọ́tò gbé àwọn ní Òmù, ṣùgbọ́n kí ó tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kì í pẹ́ sùn.